Iṣẹ́ ìwádìí wo ló yẹ kí ẹ yọ̀ǹda agbára kọ̀ǹpútà yín fún?

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló máa ń wà ní títàn láti àárọ̀ di alẹ́ láìlo ju ìwọ̀nba díẹ̀ lára agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà tàbí tó ń ka ìròyìn lórí ẹ̀rọ ayárabíàṣá kò fún ọpọlọ ẹ̀rọ náà ní iṣẹ́ tó tó o. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń tọrọ ìyókù agbára yìí lọ́wọ́ aráàlú, kí wọ́n lè fi ṣe àwọn ìṣirò tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kò lè parí lójú ayé ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba ńlá wa ní àáró, wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, èmi á bá ọ roko lónìí, ìwọ náà á bá mi ro tèmi lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń pe àwọn èèyàn jọ, òun náà ló sì ń bọ́ wọn. Yíyọ̀ǹda agbára kọ̀ǹpútà jọ ọ̀wẹ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀: ẹ̀yin tí ẹ lọ ṣiṣẹ́ lẹ tún máa gbé oúnjẹ dání, nítorí pé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ ń san owó iná, ẹ̀yin náà lẹ sì ń ra dátà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni oko, ohun tó gbìn síbẹ̀, àti ẹni tí yóò kórè rẹ̀.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ?

Àwọn olùwádìí á gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́. Ètò kékeré kan tí ẹ gbà sórí kọ̀ǹpútà yín á gba ègé kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa ṣe ìṣirò rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ráyè, á sì dá èsì padà kó tó gba òmíràn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí máa ń fún kọ̀ǹpútà méjì tí àwọn tó ni wọ́n kò mọ ara wọn ní ègé kan náà. Bí èsì méjèèjì kò bá bára mu, wọ́n á gbé e fún ẹnì kẹta. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kan tó ní àbùkù tàbí ẹnì kan tó fẹ́ ṣe màgòmágó kò lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Èyí tó sọ ọ̀nà yìí di ìlú mọ̀ọ́ká ni SETI@home, tí Yunifásítì California ní Berkeley bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1999. Ó ju mílíọ̀nù márùn-ún èèyàn lọ tó fi kọ̀ǹpútà wọn bá wọn wá àmì pé àwọn ẹ̀dá onílàákàyè wà ní ìsálú ọ̀run mìíràn. David Anderson, ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, ló tún bẹ̀rẹ̀ BOINC ní ọdún 2002. BOINC dà bí ọjà tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí ń pàtẹ sí: ètò kan ṣoṣo lẹ máa gbà sórí ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà lẹ ó yan èyí tó wù yín. Àwọn kan, bíi Folding@home, kò sí nínú ọjà yìí. Ètò tiwọn ni wọ́n ń lò.

Kí ni wọ́n ti rí nídìí rẹ̀?

SETI@home kò rí ẹ̀dá ọ̀run kankan títí tó fi dáwọ́ pípín iṣẹ́ fún aráàlú dúró ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020. Ẹni tó bá fẹ́ rí èso kíákíá kò ní fẹ́ràn irú oko bẹ́ẹ̀. Einstein@Home ní tirẹ̀, tí Ilé Ẹ̀kọ́ Ìwádìí Max Planck ní ìlú Hannover ní Jámánì wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀ láti ọdún 2005, ti rí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tí ń yí bí òkòtó tó sì ń tan ìgbì rédíò ká. Àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n rí nínú ìgbì rédíò jáde ní ọdún 2010, láti inú kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà àti ti ẹnì kan ní ìlú Mainz ní Jámánì. Àwọn onímọ̀ náà dárúkọ wọn nínú ìròyìn ìwádìí náà.

Folding@home ló yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ọdún 2000 ni Vijay Pande bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, láti wo bí èròjà purotéènì inú ara ṣe ń ká jọ tó sì ń mira. Bí purotéènì bá ká gbòdì, àìsàn lè tẹ̀ lé e. Bí a bá sì mọ bó ṣe ń mira, a lè rí ibi kọ́lọ́fín tí oògùn lè lẹ̀ mọ́. Nígbà tí àrùn Covid-19 bẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn dara pọ̀ mọ́ wọn. Kí oṣù kẹta ọdún 2020 tó parí, agbára gbogbo ẹ̀rọ náà lápapọ̀ ti kọjá ìṣirò bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kò sí kọ̀ǹpútà ńlá ìjọba kankan tó tíì dé ibẹ̀ ní gbangba nígbà náà. Èrò pọ̀ débi pé àwọn mìíràn jókòó láìrí iṣẹ́ gbà, nítorí àwọn olùwádìí kò lè gé iṣẹ́ yára tó. Agbára yẹn wà lára ohun tí wọ́n lò nínú COVID Moonshot, níbi tí àwọn onímọ̀ ti wá oògùn ní gbangba láìgba ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí ohun tí wọ́n rí.

Àwọn kan lè béèrè pé ǹjẹ́ irú iṣẹ́ yìí ṣì wúlò lẹ́yìn tí AlphaFold, ètò ilé iṣẹ́ DeepMind, ti ń sọ bí purotéènì ṣe rí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. David Baker, tí ilé ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Washington ló ni Rosetta@home, pín ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2024 pẹ̀lú Demis Hassabis àti John Jumper tí wọ́n ṣe AlphaFold. Ṣùgbọ́n bí purotéènì ṣe rí nígbà tó dúró jẹ́ ọ̀tọ̀, bó ṣe ń mira jẹ́ ọ̀tọ̀. Èkejì yìí ni Folding@home ń wò.

Ti GIMPS, tí George Woltman dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, yàtọ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wá, àwọn èyí tí kò ṣeé pín dọ́gba àyàfi pẹ̀lú oókan àti ara wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n kéde ọ̀kan tó gùn tó àmì nọ́ńbà 41,024,320. Luke Durant ló rí i, àmọ́ kì í ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì ilé rẹ̀ ló lò: àwọn ẹ̀rọ alágbára tó lò wà ní orílẹ̀-èdè 17. Ẹni tó bá ń fi láptọ́ọ̀pù kan retí orúkọ àti ẹ̀bùn níbẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Èwo ló kan ilẹ̀ Áfíríkà?

World Community Grid ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí fún ẹni tó fẹ́ kí èrè iṣẹ́ súnmọ́ ilé. Ilé iṣẹ́ IBM ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2004. Ní ọdún 2021, wọ́n fà á lé Ilé Ìwádìí Krembil lọ́wọ́ ní ìlú Toronto ní Kánádà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òjò ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, pẹ̀lú Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Delft ní orílẹ̀-èdè Netherlands.

Ìdí iṣẹ́ yìí yé gbogbo ẹni tó bá ti gbé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Òjò lè pa abúlé kan bí ẹní pa ẹja, kí abúlé tó tẹ̀ lé e má rí ẹ̀kán omi. Àwòrán ojú ọjọ́ tí a fi ṣe àsọtẹ́lẹ̀ fún gbogbo àgbáyé gbòòrò jù láti rí irú òjò bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òjò yìí sì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbójú lé. Ohun tí àwọn olùwádìí náà ń ṣe ni láti ṣe ìṣirò òjò gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi wé ohun tí àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn òjò lórí ilẹ̀ rí. Kò sí ilé ìwádìí kékeré tó lè dá ru irú ẹrù yìí.

Bákan náà, Ilé Ìwádìí Àrùn Ilẹ̀ Olóoru ní Switzerland lo MalariaControl.net fún bí ọdún mẹ́wàá, títí di ọdún 2016, láti ṣe àfiwé bí ibà ṣe ń ràn àti ohun tí àwọ̀n ẹ̀fọn, oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè yí padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àwọn tí ibà ń mú lágbàáyé ló wà ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ náà ti parí, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún pè yín sí i.

Ìkìlọ̀ kan rèé lórí World Community Grid: lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ IBM, ó dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù ní ọdún 2022. Kí ẹ tó yàn án, ẹ wo ojú ìwé rẹ̀ bóyá iṣẹ́ wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ lè fi iṣẹ́ mìíràn pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú BOINC, kí ẹ̀rọ má baà jókòó.

Èló ni yóò ná yín?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlàyé tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ òyìnbó ti máa ń fò kọjá. Wọ́n á ní agbára tó ń ṣòfò ni, kò ná yín ní nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó jókòó lásán ń jẹ iná díẹ̀; èyí tó ń ṣe ìṣirò gidi ń jẹ púpọ̀ sí i. Bí iṣẹ́ náà bá fi wáàtì 100 kún ohun tí ẹ̀rọ orí tábìlì ń jẹ, yúnìtì iná kan á lọ ní wákàtí mẹ́wàá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A ní Nàìjíríà di náírà 225. Wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ á jẹ́ náírà 6,750. Bí káàdì GPU tí àwọn eléré géèmù ń lò bá fi wáàtì 250 kún un, ó di náírà 16,875. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ má ṣe dán an wò rárá. Kò bọ́gbọ́n mu kí èèyàn máa sun bẹntiróòlù láti fi bá àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí ojú ọjọ́.

Àmọ́ agbára tó ń ṣòfò lóòótọ́ wà. Ẹni tó ní páálì oòrùn lórí òrùlé mọ̀ pé ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, bátìrì lè kún kó tó di aago méjì ọ̀sán, ìyókù iná ọ̀sán náà kò sì ní rí ibi lọ. BOINC gbà yín láàyè láti yan wákàtí tí ẹ̀rọ yóò máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi sí aago méjìlá sí mẹ́rin, ẹ sì pa á láṣẹ kó dúró bí kọ̀ǹpútà bá ti wà lórí bátìrì. (Yorùbá tó wà ní London lásìkò òtútù lè sọ pé ooru ẹ̀rọ náà ń bá òun mú yàrá móoru, èyí kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá.)

Iná ọba tó ń lọ tó ń bọ̀ náà ní ìtumọ̀ nínú yíyan. Ètò náà máa ń fi ibi tó bá iṣẹ́ dé pamọ́ lóòrèkóòrè, nítorí náà gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa ń ṣòfò bí iná bá lọ. Síbẹ̀, iṣẹ́ climateprediction.net ti Yunifásítì Oxford lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí ègé kan ṣoṣo, iṣẹ́ òjò Áfíríkà náà sì wúwo fún dátà. Ibi tí iná kò bá dúró, ègé kúkúrú ló dára jù. Ẹ dín iye agbára tí BOINC ń lò kù sí ìdajì, pàápàá lórí láptọ́ọ̀pù, nítorí ooru àti eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kí fáànù rẹ̀ pẹ́. Fóònù Android náà lè ṣe é. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, ìgbà tó bá wà lórí iná, tó wà lórí Wi-Fi, tí bátìrì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ta ni yóò kórè?

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìgbàwọlé, ẹ wá orúkọ yunifásítì tàbí ilé ìwádìí tó ni iṣẹ́ náà, ẹ wo bóyá wọ́n ti tẹ èsì jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, ẹ sì ka ohun tí wọ́n sọ nípa ẹni tó ni èsì. World Community Grid fi dandan lé e pé kí àwọn olùwádìí fi èsì wọn síta fún gbogbo ayé. Iṣẹ́ tí kò bá sọ ẹni tó ni ín, tàbí tó ń ṣèlérí owó, ẹ jìnnà sí i. Máàkì tí BOINC ń fún yín jẹ́ ìyìn lásán, kò ṣeé ná lọ́jà. Láti boinc.berkeley.edu tàbí foldingathome.org fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gba ètò, kì í ṣe láti ojú ìlà tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe tiyín. Ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ gíga kan fi irú ètò yìí sórí wọn láìgba àṣẹ. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì parí ní ọdún 2002 pẹ̀lú owó ìtanràn 2,100 dọ́là àti ọdún kan lábẹ́ ìṣọ́ ìjọba. Ẹ gba àṣẹ lákọsílẹ̀.

Bí ó bá sì sú yín, ẹ má kàn yọ ètò náà kúrò. Ẹ kọ́kọ́ tẹ 'No new tasks', kí èyí tó wà lọ́wọ́ parí kó sì padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ègé tí ẹ bá pa tì yóò wà lórúkọ yín títí gbèdéke rẹ̀ yóò fi kọjá, kí wọ́n tó lè gbé e fún ẹlòmíràn.