Nígbà tí Ìbejì Gba Ilé Méjì: Ìtàn Sùdókù àti Èdè tí a fi ń Ronú

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìlú Atlanta, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tí mo ń kọ́ ní èdè Yorùbá bá mi jókòó ti sùdókù kan tí ó le. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ náà ṣì rọrùn, Yorùbá ni ó ń sọ. Nígbà tí ọ̀nà dí, tí ó di dandan kí ó so èrò kan mọ́ òmíràn, ó yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, olùkọ́, kò sí Yorùbá fún eléyìí.”

Òbí púpọ̀ ní òkè òkun kò ní wí i báyìí, ṣùgbọ́n ìṣe wọn kò yàtọ̀ sí i: Yorùbá wà fún ìkíni, oúnjẹ àti oríkì, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ìrònú tí ó jinlẹ̀. Àròkọ yìí fẹ́ fi ìtàn sùdókù fúnra rẹ̀ dá ọmọ náà lóhùn. Èrò wa ni pé kò sí èdè kan tí a bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ mọ́. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ni ó ń sọ ọ̀nà iṣẹ́ wọn lórúkọ.

Àyè 81 ni ó wà nínú sùdókù. A ó máa pe àyè kọ̀ọ̀kan ní ilé, a ó sì máa pe ilé mẹ́sàn-án tí ó wà papọ̀ ní agbolé. Nọ́ńbà 1 dé 9 gbọ́dọ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbú kọ̀ọ̀kan, ní òòró kọ̀ọ̀kan, àti nínú agbolé kọ̀ọ̀kan. A kì í ro nọ́ńbà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í yọ ọ̀kan kúrò nínú òmíràn. Ìrònú nìkan ni iṣẹ́ ibẹ̀.

Gbòǹgbò eré yìí jìn. Ní 1782, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè to àmì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi hàn lẹ́ẹ̀kan péré ní ìbú àti ní òòró. Agbolé kò tíì sí nínú tirẹ̀. Ní 1979, ilé iṣẹ́ ìwé Dell ní Amẹ́ríkà tẹ eré tí ó ní agbolé jáde, wọ́n pè é ní Number Place, ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ sí i lára. Will Shortz ni ó tọpasẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà: ó ṣàkíyèsí pé bí eré náà bá wà nínú ìwé, orúkọ Howard Garns a wà nínú àkójọ àwọn olùkópa, bí eré náà kò bá sí, orúkọ náà kì í sí. Ayàwòrán-ilé tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Indianapolis ni Garns. Ó kú ní 1989, kí òkìkí eré rẹ̀ tó kárí ayé.

Ilé iṣẹ́ Nikoli gbé eré náà dé Japan ní 1984. Maki Kaji ni ó sọ ọ́ lórúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ìgékúrú gbólóhùn kan ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ àpọ́n. Wayne Gould, adájọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣẹ̀dá sùdókù, ó sì mú un lọ sí ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2004. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ṣàjèjì sí irú ìrònú yìí. Muhammad al-Kishnawi, ọ̀mọ̀wé Fúlàní láti Kàtsínà, kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá ní nǹkan bí 1732 lórí ọnà nọ́ńbà tí àròpọ̀ ìbú, òòró àti ìdábùú rẹ̀ dọ́gba. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó kéré jù ni 2, 7, 6. 9, 5, 1. 4, 3, 8: ibi yòówù kí a ti rò ó, 15 ni. Èyí kì í ṣe sùdókù, nítorí àròpọ̀ ni ó dúró lé. Ohun tí ó kàn wá ni pé al-Kishnawi kò fi iṣẹ́ tí ó parí nìkan sílẹ̀. Ó kọ ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é. Ó kú ní Cairo ní 1741, ọ̀nà rẹ̀ sì ṣeé tọ̀ títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn tí ń tú sùdókù tí ó le. Bí wọ́n ti ń rí ọgbọ́n tuntun ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n pe ọ̀kan ní X-Wing, orúkọ tí ọkọ̀ ogun inú fíìmù Star Wars ń jẹ́. Wọ́n pe òmíràn ní Swordfish, orúkọ ẹja. Kò sí ọkọ̀ nínú sùdókù, kò sì sí ẹja. Ohun tí ó wà nítòsí wọn ni wọ́n fi sọ ọgbọ́n lórúkọ.

Kí ni ó wà nítòsí tiwa? Bí ilé méjì bá wà nínú agbolé kan, tí kò sí nọ́ńbà tí ó lè wọ inú wọn àfi 3 àti 8, a kò tíì mọ èyí tí 3 yóò gbà, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti gba ilé méjèèjì. A ó yọ 3 àti 8 kúrò nínú èrò fún àwọn ilé yòókù nínú agbolé náà. Ìbejì nìyẹn. Bí nọ́ńbà bá di mẹ́ta nínú ilé mẹ́ta, ó di ìbẹta.

X-Wing náà kò kọjá agbára wa. Ká ní ní ìbú kejì, 7 kò lè wọ ibì kankan àfi òòró kẹta tàbí ìkẹjọ, tí ó sì rí bákan náà ní ìbú kẹfà. Bí 7 bá wọ òòró kẹta ní ìbú kejì, a jẹ́ pé òòró kẹjọ ni yóò wọ̀ ní ìbú kẹfà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni. Èyí ó wù kó jẹ́, òòró méjèèjì ti ní 7 tiwọn, kò sì sí àyè fún 7 mìíràn nínú wọn. Mo pe èyí ní igun mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá.

Kíyè sí i pé “bí… bá”, “àfi” àti “a jẹ́ pé” ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Wọ́n ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí sùdókù tó dé. Orúkọ ọgbọ́n nìkan ni kò sí, orúkọ sì ni ohun tí àwa náà lè fúnni. Bí a kò bá fúnni, àwọn ọmọ wa yóò máa gba ibi tí ìrònú ti le jáde kúrò nínú èdè wa, wọn yóò sì fi ìkíni sílẹ̀ fún un.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ náà na ìka sí agbolé kan, ó ní, “Olùkọ́, ìbejì rèé.” Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí a ó pe Swordfish, tí ó gba ìbú mẹ́ta àti òòró mẹ́ta. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ó ṣì ń rò ó, Yorùbá ni ó sì fi ń rò ó.