Ta Ni Àgbà Ọjà ní Ilé-ìwé?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá ti pọn ọmọ rí mọ ìdí rẹ̀. Ìyá ń nájà, ó ń ṣọ́ owó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà. Kò lè rí orí tó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló rí i, ọrùn ẹni náà sì ni òwe gbé ọ̀rọ̀ kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọmọ tí wọ́n ń fìtínà nílé-ìwé. Òbí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba owó oúnjẹ rẹ̀, tàbí nígbà tí ọmọ kíláàsì òkè ní kó kúnlẹ̀ ní yàrá ibùgbé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ náà kò ní sọ, kí wọ́n má baà pè é ní olófòófó.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń wò ó. Ní Toronto, olùwádìí Debra Pepler àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi kámẹ́rà ṣọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórí pápá ìṣeré. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ìgbà 100 tí wọ́n fìtínà ọmọ kan, àwọn ọmọ mìíràn wà níbẹ̀ nínú 88. Wọn kì í sábà dá sí i. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá dá sí i, ó lé ní ìdajì ìgbà tí ìyà náà dópin kí ìṣẹ́jú-àáyá 10 tó pé. Agbára àwọn tó ń wòran yìí ni ètò KiVa, tí Yunifásítì Turku ní Finland dá sílẹ̀ láti dènà fífìtínà ọmọ nílé-ìwé, gbára lé: gbogbo kíláàsì ni wọ́n ń kọ́, àwọn òǹwòran gan-an ni wọ́n dojú kọ.

Àwọn bàbá kan a máa sọ pé, "Bó bá gbá ọ, gbá a padà." N kò fara mọ́ ọn. Dan Olweus, tó ṣe ìwádìí lórí fífìtínà ọmọ nílé-ìwé ní Norway fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ti ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń kàn. Ẹni tí kò lágbára, kí ni yóò fi gbá a padà?

Bí inú bá ń run ọmọ rẹ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ìwé rẹ̀ ń ya, tí owó rẹ̀ ń sọnù, má jágbe mọ́ ọn. Jókòó tì í, bi í pé ta ni wọ́n jọ ṣeré, ta ni wọ́n jọ jẹun. Kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí o gbé e tọ olùkọ́ kíláàsì lọ. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Má lọ lúgọ de ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu géètì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní Nàìjíríà sọ pé a kò gbọdọ̀ pa ọmọ lára, ìbáà ṣe ní ara, ní ọpọlọ tàbí ní ọkàn. Ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ lò ń béèrè.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe "Ta ló nà ọ́?" nìkan ni kí ẹ máa bi ọmọ. Ẹ tún bi í lálẹ́ òní pé, "Ta lo rí tí wọ́n ń nà, kí lo sì ṣe?"