Oníbodè inú wáyà: Bí ẹ̀rọ tó ń pín dátà ṣe di ohun tí ìjọba fi ń ti ayélujára pa

Tí ẹ bá dúró ní àárín ìlú Niamey, olú ìlú orílẹ̀èdè Niger, tí ẹ kọjú sí Odò Ọya, òdìkejì omi ni àdúgbò Lamordé wà. Omi kan náà tó ń kọjá níbẹ̀ ló ń ṣàn wá sí Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja nílẹ̀ Nàìjíríà. Lédè Fúlàní, ibùjókòó aláṣẹ ni ìtumọ̀ Lamordé.

Láti ọdún 1970 tí wọ́n ṣí afárá Kennedy títí di ọdún 2011, afárá kan ṣoṣo yìí ni ọkọ̀, ọ̀kadà, ràkúnmí àti ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà láti apá Lamordé wọ àárín ìlú. Ẹni tó bá dúró sí ẹsẹ̀ afárá náà ló mọ ẹni tó ń kọjá.

Lọ́jọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì, tí ọgbà wọn wà ní apá odò yẹn, ṣe ìwọ́de gba orí afárá náà. Àwọn agbófinró yìnbọn sí wọn, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta sì kú. Títí di òní, wọ́n máa ń ṣe ìrántí wọn lọ́dọọdún.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ afárá wá ni pé bẹ́ẹ̀ náà ni ayélujára ṣe ń wọ Niger. Orílẹ̀èdè náà kò ní etíkun. Èkó àti Kútọnu wà lára ibi tí wáyà abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní SAT-3 ti gúnlẹ̀ lọ́dún 2002. Kí dátà tó dé Niamey, ó gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, tàbí kó gba ojú ọ̀run lọ́nà sátẹ́láìtì, èyí tó wọ́n gógó.

Níbi tí ọ̀nà bá ti kéré báyìí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ pinnu ẹrù tí yóò kọ́kọ́ kọjá.

Ẹni tó ń wo inú ẹrù

Láyé àwọn baba ńlá wa, oníbodè ló máa ń jókòó sí ẹnu ibodè ìlú. Yóò wo ẹrù, yóò bèèrè ibi tó ti wá, yóò sì gba owó ibodè. Ó lágbára láti ní kí ẹnìkan kọjá, kí ẹlòmíràn sì dúró.

Sọ́fítíwíà tí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi ń ṣàkóso dátà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí ayélujára ni wọ́n máa ń gé sí wẹ́wẹ́ bí ẹrù kéékèèké. Ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà yóò wo ẹrù kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá fídíò ni, ìpè ni, tàbí ìwé lásán. Yóò wá jẹ́ kó yára, yóò fà á sẹ́yìn, yóò ka iye rẹ̀ sórí owó yín, tàbí kó dá a dúró pátápátá.

Àwọn tó lo kafé ayélujára ní Ìbàdàn tàbí Èkó ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn mọ ìdí tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi wúlò. Dátà sátẹ́láìtì kékeré kan ni gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú kafé ń pín lò. Tí ẹnìkan bá ń dáúnlóòdù fíìmù, ojú ìwé kò ní ṣí fún àwọn tó kù mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lọ sí kafé mọ́jú, nítorí pé owó òru kéré, ẹ̀rọ sì ń yára. Ẹni tó ni kafé ni oníbodè nígbà náà, ohùn rẹ̀ ló sì ń lò: "Ta ló ń dáúnlóòdù níbẹ̀ yẹn?"

Ìṣòro kan náà bá àwọn iléeṣẹ́ ńlá l'Amẹ́ríkà àti Yúróòpù nígbà tí BitTorrent, tí àwọn èèyàn fi ń pín fíìmù àti orin láàárín ara wọn, dé lọ́dún 2001. Iléeṣẹ́ P-Cube láti Ísírẹ́lì wà lára àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tí yóò dá irú dátà bẹ́ẹ̀ mọ̀. Lọ́dún 2004, Cisco ra P-Cube ní nǹkan bíi igba mílíọ̀nù dọ́là. Sandvine ní Kánádà náà ń ta irú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí oníbodè náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Lọ́dún 2007, àṣírí tú pé iléeṣẹ́ Comcast l'Amẹ́ríkà ń dí BitTorrent lọ́wọ́. Ẹ̀rọ wọn máa ń fi ìròyìn èké ránṣẹ́ sí ẹni méjì tó ń pín fáìlì, bí ẹni pé ẹnì kejì ló já ìpè. Àjọ FCC dá Comcast lẹ́bi lọ́dún 2008, àmọ́ ilé ẹjọ́ fagi lé ìdájọ́ náà lọ́dún 2010, pé àjọ náà kò ní àṣẹ tó fi dá a.

Lọ́dọ̀ tiwa, oníbodè yìí kò fara pamọ́ rárá. Ṣé ẹ ti ra dátà tó wà fún WhatsApp nìkan rí? Kí wọ́n tó lè tà á fún yín, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá WhatsApp mọ̀ yàtọ̀ sí nǹkan mìíràn. Kò lè ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, torí pé wọ́n ti tì í pa, àmọ́ ó ń rí àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn lẹ́tà.

Ẹ̀rọ tó bá sì lè dá WhatsApp mọ̀ láti tà á lówó pọ́ọ́kú lè dá a mọ̀ láti tì í pa. Lójú tèmi, ibí gan-an ni wàhálà wà.

Láti Abuja dé Niamey

Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé òun ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ kọ. Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ALTON, sọ pé àjọ NCC ti pàṣẹ fáwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun. Facebook ń ṣiṣẹ́, WhatsApp ń ṣiṣẹ́, Twitter nìkan ni kò ṣí. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i lọ́jọ́ 13 oṣù Kínní ọdún 2022. Láàárín ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kọ́ láti lo VPN, ìyẹn ni pé wọ́n ń fi lẹ́tà sínú àpòòwé mìíràn kí oníbodè má baà rí àdírẹ́sì.

Ní orílẹ̀èdè Benin, lọ́jọ́ ìdìbò ilé aṣòfin, 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ojú òpó bíi Facebook àti WhatsApp ni wọ́n kọ́kọ́ tì. Nígbà tó yá, gbogbo ayélujára lọ.

Ti Niger le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n kéde pé Mohamed Bazoum ló wọlé ìbò ààrẹ. Àwọn alátìlẹ́yìn Mahamane Ousmane fárígá, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Niamey. Ìjọba ní èèyàn méjì kú, àti pé àwọn mú èèyàn 468. Lọ́jọ́ kejì ìkéde náà ni ayélujára orí fóònù kú, ó sì tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó padà.

Irú èyí kò nílò ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kankan. Wọn kò yẹ ẹrù wò, ibodè ni wọ́n tì. Ẹni tó ń ṣe ìwọ́de, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ka ìwé, dókítà nílé ìwòsàn Lamordé àti ọmọ Yorùbá tó ń fi WhatsApp bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ta ni yóò yẹ oníbodè wò?

Àwọn kan ti gbé oníbodè lọ sílé ẹjọ́. Lẹ́yìn tí ìjọba Togo ti ayélujára pa lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 nítorí ìwọ́de, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ gbé ẹjọ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ECOWAS. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ náà ní Togo tẹ ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lójú mọ́lẹ̀, ó sì ní kí ìjọba san owó ìtanràn. Lóṣù Keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé dídá tí Nàìjíríà dá Twitter dúró kò bá òfin mu.

Nǹkan ti ń yí padà ní Niamey láti ìgbà náà. Afárá kejì ti wà láti ọdún 2011, wọ́n sì ṣí ẹ̀kẹta lọ́dún 2021. Starlink, tó ń gba ojú ọ̀run, náà ti dé Niger lọ́dún 2025, àmọ́ ìwé àṣẹ ìjọba ló fi wọlé.

Ọ̀nà kan ló ti dí. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS. Tí wọ́n bá tún ti ayélujára pa lọ́la, ará Lamordé kò ní lè gba ọ̀nà tí àwọn ará Togo gbà lọ sílé ẹjọ́ tó wà l'Abuja.