Láti orí kẹ̀kẹ́ dé orí alùpùpù: ìtàn ọ̀nà Aguidi àti ọ̀nà orí òkè Yúróòpù

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò kan náà kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ní ọdọọdún, nígbà tí yìnyín bá ti yọ́ lórí àwọn òkè gíga ilẹ̀ Yúróòpù, láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn a gun alùpùpù, wọn a kó ara wọn jọ ní mẹ́fà-mẹ́fà tàbí ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọn a sì máa gun òkè, wọn a máa sọ̀ kalẹ̀, láti ilẹ̀ Faransé dé Ítálì, láti Ítálì dé Ọ́stríà. Wọn kò gbé èrò, wọn kò ru ẹrù ọjà; ìsinmi ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní ilẹ̀ Faransé a máa fi àwòrán irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Àwọn tí wọ́n wà nílé ní Aguidi a sì máa béèrè pé: ta ni yóò fi owó ara rẹ̀ ra epo, tí yóò gun alùpùpù láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí yóò sì pe èyíinì ní ìsinmi?

A rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún un rò, a rí i pé ìtàn wa wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ fi ọ̀nà tiwọn wé ọ̀nà tiwa, kí a sì wo ohun tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì ti ṣe ní agbègbè Sakété àti Pobè láti ìgbà àwọn baba wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tiwọn. Ọ̀nà òkè Stelvio, ní àríwá Ítálì, wà lára àwọn tí àwọn alálùpùpù fẹ́ràn jù. Gíga rẹ̀ tó mítà 2,757, kọ́nà 48 ni ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ nìkan. Kì í ṣe nítorí ìsinmi ẹnikẹ́ni ni wọ́n ṣe là á. Lẹ́yìn tí ogun Napoleon parí ní 1815, tí ilẹ̀ Lombardia bọ́ sábẹ́ ọba Ọ́stríà, ọba náà fẹ́ ọ̀nà tí àṣẹ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yóò máa gbà dé Milan. Carlo Donegani, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Ítálì, ni ó darí iṣẹ́ náà láàárín 1820 sí 1825. Ọ̀nà Grossglockner ní Ọ́stríà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 1935 ni wọ́n ṣí i. Ìgbà náà ni ọ̀dá owó ń bá gbogbo ayé jà, iṣẹ́ ọ̀nà náà sì di oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹgbẹ́ Touring Club de France, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1890, ni ó ń polongo pé kí ọ̀nà kan la àwọn òkè Alps kọjá láti adágún Léman títí dé Nice létí òkun. Òkè Iseran, tí ó ga ju mítà 2,700 lọ, wà lójú ọ̀nà yìí. 1937 ni wọ́n ṣí i.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan hàn gbangba. Ẹni tí ó la ọ̀nà kọ́ ni ó ń jẹ ọ̀nà náà gbẹ̀yìn. Ọ̀nà tí ọba là fún ogun di ọ̀nà tí akọ̀wé báńkì àti olùkọ́ ilé ìwé ń gùn fún ìgbádùn. Alùpùpù pàápàá bẹ́ẹ̀ ni: nígbà tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach fi ẹ̀rọ epo sí ara kẹ̀kẹ́ onígi ní Jámánì ní 1885, ẹ̀rọ náà ni wọ́n fẹ́ dán wò, kì í ṣe ìsinmi ni wọ́n ń rò.

Ọ̀nà tiwa náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Paris, wọ́n sì fa ìlà kan tí ó pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò bọ́ sọ́wọ́ Faransé, oko ẹlòmíràn sì wà ní òdìkejì ilé rẹ̀. Ní 1905, àwọn ará Sakété dìde sí ìjọba Faransé, òṣìṣẹ́ ìjọba kan sì kú nínú ìjà náà. Lẹ́yìn èyí ni ojú irin wọ ilẹ̀ wa. Láti Àjàṣẹ́ ni ó ti gbéra, ó gba Sakété, ó sì ti dé Pobè kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Epo pupa àti èkùrọ́ ni ó wá kó. Nítorí ọ̀pẹ náà ni Faransé ṣe dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè ní 1922, ibùdó tí ó ṣì wà títí di òní.

Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró ní ẹnu ọ̀nà oko. Láti inú oko dé ibùdókọ̀, orí ni obìnrin fi ń ru garawa epo, ẹsẹ̀ ni ọkùnrin sì fi ń rìn. Àlàfo yìí ni kẹ̀kẹ́ wá dí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ tí àwọn baba wa kọ́kọ́ rí, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wọlé, ní pàtàkì Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham. A kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn wa máa lọ sí òdìkejì ìlà nígbà náà. Owó orí, iṣẹ́ tipátipá àti òfin tí ó jẹ́ kí ọ̀gá Faransé lè fi ènìyàn sẹ́wọ̀n láìsí ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń sá fún. Ọdún 1946 ni òfin Faransé tó fòpin sí iṣẹ́ tipátipá. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, onímọ̀ ìtàn tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ẹkùn ìlà yìí, ti fi hàn pé ìṣílọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn fi kọ ìjọba sílẹ̀ láìyọ idà. Ẹni tí ó lọ ṣe lébìrà lóko kòkó fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí ó sì padà dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ohun ìgùn lásán ni ó gbé bọ̀. Ẹ̀rí ni pé ó lọ, ó sì bọ̀.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni kẹ̀kẹ́ abẹ́rọ dé. Mobylette, tí ilé iṣẹ́ Motobécane bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Faransé ní 1949, di ohun ìgùn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé. Ọmọdé a gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, yóò sì mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé ń bọ̀. Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1960, ó sì di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, alùpùpù kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ìjọba nìkan, ó wọ ọwọ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò.

Ìyípadà tí ó tóbi jù ṣẹ̀ nígbà tí owó wọ́n. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ tí ń kó oúnjẹ àgbàdo lọ sọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ènìyàn sẹ́yìn; takisí-kànnà ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Láti ara wọn ni àwọn tí ń fi alùpùpù gbé èrò ti yọ. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ìjọba kò tún gba àwọn tí wọ́n jáde ní yunifásítì síṣẹ́ mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kí ọdún mẹ́wàá yẹn tó parí, àwọn báńkì ìjọba dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ kò jáde déédéé, títí a fi dé àpérò gbogboogbò orílẹ̀-èdè ní oṣù kejì 1990. Ní oṣù kìíní 1994, iye owó CFA wálẹ̀ sí ìdajì. Nínú ìnira yìí ni zémidjan fi gbilẹ̀. Ọ̀rọ̀ Fọ̀n ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé “gbé mi kíákíá”. Bí ọ̀dá owó ti sọ iṣẹ́ ọ̀nà Grossglockner di oúnjẹ fún àwọn aláìríṣẹ́ ilẹ̀ Ọ́stríà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dá owó tiwa sọ ẹ̀yìn alùpùpù di oko tí àwọn ọmọ wa ń ro. Ìyàtọ̀ kan ni pé ìjọba ni ó ṣètò tiwọn. Àwa ni a ṣètò tiwa fúnra wa.

Epo tí ó ń gbé ẹ̀rọ náà rìn, láti òdìkejì ìlà 1889 kan náà ni ó ti ń wọlé. Kpayo ni a ń pè é, ìyẹn ni pé kì í ṣe ojúlówó. Ìlà tí wọ́n fà láti yà wá nípa di ohun tí à ń jẹ lára rẹ̀, ó sì ń jẹ wá náà. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, iye kpayo fò sókè lójijì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, iná ṣẹ́ yọ ní ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí ní Sèmè-Kraké. Ó ju ènìyàn 30 lọ tí ó bá a lọ. A kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. A kọ ọ́ nítorí pé ìtàn alùpùpù wa kò pé bí a bá yọ àwọn òkú rẹ̀ kúrò.

Ṣé ìrìn ẹgbẹ́ wá jẹ́ ohun àjèjì sí wa ni? Rárá o. Gbogbo wa ni a ti rí i bí alùpùpù ogún tàbí ọgbọ̀n ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn lọ síbi ìgbéyàwó, tí aṣọ ẹbí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀ pupa wa. A ti rí i bí àwọn onízémidjan ṣe ń sin ẹlẹgbẹ́ wọn dé ibojì, tí wọ́n ń fọn fèrè, tí wọ́n fi ewé tútù sí iwájú ọkọ̀. Àwọn tí ń gun òkè ní Yúróòpù ní òfin kan: ẹni tí ó mọ ọ̀nà a wà níwájú, ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà dáadáa a wà lẹ́yìn pátápátá, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n tó a sì wà láàárín, bí wọ́n bá dé oríta, wọn a dúró títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé. Àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ ìgbà àwọn baba wa kò ní kọ òfin yìí. Ẹni tí ó bá ti gba ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí kọjá láti Pobè lọ sí Kétu nígbà òjò, kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé, mọ̀ pé ẹnìkan kì í dá ọkọ̀ yọ nínú ẹrẹ̀ náà.

Ibi tí a ti yàtọ̀ sí wọn ni àkọsílẹ̀. Lórí òkè kọ̀ọ̀kan ní Yúróòpù, pátákó kan wà tí ó sọ orúkọ òkè àti gíga rẹ̀. Ẹni tí ó bá gùn ún a ya àwòrán níbẹ̀, a sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ní tiwa, ọkọ̀ ojú irin tí ó kó epo àwọn ìyá wa ti dákẹ́ tipẹ́, koríko sì ti bo ojú irin. Àwọn tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọ oko kòkó ti ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé èrò sẹ́yìn alùpùpù ti ń hewú. Ta ni ó kọ́kọ́ ní kẹ̀kẹ́ ní Aguidi? Èló ni ó rà á, oko ta ni ó ti ṣiṣẹ́ owó náà? Obìnrin wo ni ó kọ́kọ́ gun Mobylette lọ sọ́jà, kí sì ni àwọn ènìyàn wí? Ìwé kankan kò ní dá wa lóhùn. Ẹnu àwọn àgbà nìkan ni ìdáhùn wà.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn òkun: bí ẹ bá padà wálé fún ọdún, ẹ má kàn fi alùpùpù ṣe afẹ́ yí ìlú ká. Ẹ gùn ún lọ sí ilé bàbá àgbà kan ní Aguidi, ní Takon tàbí ní Pobè. Ẹ jókòó tì í. Ẹ béèrè ọ̀nà tí ó gbà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá wí sílẹ̀ ní èdè tí ó fi sọ ọ́. Bí a bá ń wá orúkọ fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, kò burú bí a bá pè é ní ìsinmi. Àwọn tí wọ́n wà níwájú wa ti dé oríta, wọ́n sì ń dúró dè wá. Wọn kò lè dúró pẹ́ mọ́.