Ta Ló Ṣe Epo Tó Lọ sí Liverpool?

Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà, ìdí tí wọ́n sọ fáyé gbọ́ ni pé àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú. Àdéhùn tí Akítóyè fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1852 fòfin de kíkó ẹrú sọdá òkun, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ohun tí wọ́n ń pè ní òwò tó tọ́. Epo pupa ló ṣíwájú nínú òwò náà. Láti nǹkan bí ọdún 1840 ni Thomas Fowell Buxton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá òwò ẹrú jà, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí àwọn èèyàn Áfíríkà bá ti ń rí irè oko wọn tà, wọn ò ní í ta ọmọnìkejì wọn mọ́, àwọn míṣọ́nnárì sì gba èrò náà gbọ́ tọkàntọkàn. Ìrètí yẹn já sófo. Ohun tó sì mú un já sófo ṣì wà nínú òfin tí wọ́n ń ṣe lónìí láti lé ìkónilẹ́rú kúrò nínú òwò: èbúté ni wọ́n ń ṣọ́, wọn ò dé oko.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ epo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan á gun ọ̀pẹ gé ìdì ẹyìn, àwọn mìíràn á ṣa á, wọ́n á sè é, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù, omi tí wọ́n sì máa pọn fún un kò kéré. Èkùrọ́ tún wà nílẹ̀ tí wọ́n máa pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni aláàárù á wá ru epo náà gba inú igbó lọ sí etí ọ̀sà. Bí Liverpool, èbúté Gẹ̀ẹ́sì tó ń ra epo náà, ṣe ń béèrè epo sí i fún ọṣẹ, fún àbẹ́là àti fún ẹ̀rọ, ọwọ́ ìyàwó àti ọmọ nìkan kò ká iṣẹ́ náà mọ́. Ogun ló pèsè àwọn tó ṣe é. Àwọn tí ogun ọ̀rúndún yẹn kó, tí à bá ti tà sí Brazil tàbí Cuba, wá di ẹrú oko nílé. Oko ńlá ńlá ni àwọn ológun Ìbàdàn ní, ẹrú ló ń ro ó, ẹrú ló ń ṣe epo níbẹ̀. Òpìtàn Samuel Johnson kọ ọ́ pé Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa lọ́dún 1874, ní ẹrú tó tó 2,000 nínú oko nìkan, láìka àwọn tó wà nílé. Ọ̀pọ̀ wa mọ obìnrin yìí nípasẹ̀ eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ìwà ìkà rẹ̀ la sì máa ń rántí. Mo rò pé ìrántí yẹn ti mú ojú wa kúrò lára ohun tó tóbi jù ú lọ, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló fi ẹrú dá oko ní Ìbàdàn, ikú rẹ̀ kò sì dín ẹrú oko kù.

Àwọn kan á sọ pé ẹrú ilẹ̀ Yorùbá kò rí bí ẹrú Amẹ́ríkà, pé ó lè ra ara rẹ̀ padà, ó lè fẹ́yàwó nínú ilé olówó rẹ̀, ó lè di ẹni ńlá bí àwọn ìlàrí Aláàfin. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹrú tó wà láàfin àti ẹrú tó wà ní oko epo kì í ṣe ẹgbẹ́, bí epo sì ṣe ń rí owó sí i ni iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe é ń le sí i. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ni àwọn tó sá. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú lọ́dún 1861, ẹrú ń ti ọwọ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn sá wọ ìlú náà. John Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, kó àwọn Haúsá inú wọn sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, ó sì dun àwọn olówó wọn wọra. Ẹni tí ara tù kì í fẹ̀mí wewu gba inú igbó ogun kọjá.

Ẹ̀rí yìí kan náà ló dá àwọn tó ní oníṣòwò òyìnbó kò mọ̀ lóhùn. Báwo ni wọn ò ṣe ní í mọ̀, nígbà tí ẹni tó ṣe epo fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìlú tí wọ́n ti ń rà á? Àwọn ìjọ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá jiyàn láàárín ara wọn bóyá òṣìṣẹ́ ìjọ lè ní ẹrú tàbí ìwọ̀fà. Ìjọba ń gba ẹni tó sá mọ́ra, oníṣòwò sì ń ra epo lọ́wọ́ olówó tí ẹni náà sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n mọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò kàn fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń rà.

Kòkó tún ìtàn yìí sọ níbòmíràn, ibẹ̀ la sì ti rí ohun tó lè yí i padà. Lọ́dún 1901, William Cadbury gbọ́ pé ẹrú ló ń ṣe kòkó tí ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ìdílé rẹ̀ ń rà ní erékùṣù São Tomé. Ó rí ìwé ìpolówó oko kan tí wọ́n ka àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ dúkìá tí wọ́n fẹ́ tà. Ní orí ìwé, Pọtogí tó ń ṣàkóso erékùṣù náà ti fòpin sí oko ẹrú. Àdéhùn ọdún márùn-ún ni àwọn tí wọ́n kó wá láti Àǹgólà ń ṣe, ṣùgbọ́n agbára káká lẹnì kan fi ń padà sílé. Akọ̀ròyìn Henry Nevinson lọ wo Àǹgólà àti erékùṣù náà, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1906. Cadbury náà rán Joseph Burtt lọ wádìí. Oṣù Kẹta ọdún 1909 ni wọ́n tó dẹ́kun ríra kòkó náà, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí wọ́n pe ìwé ìròyìn Standard lẹ́jọ́ ní Birmingham lọ́dún yẹn kan náà pé ó bà wọ́n lórúkọ jẹ́, wọ́n jàre, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ́nì kan ni ìgbìmọ̀ adájọ́ fún wọn. Mo gbà pé ìdájọ́ náà tọ́.

Wọ́n máa ń sọ pé bí oníbàárà bá kúrò, òṣìṣẹ́ ni ebi máa pa. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo, nítorí Cadbury kúrò ní São Tomé lọ ra kòkó ní Gold Coast (Ghana òde òní), àwọn òṣìṣẹ́ São Tomé sì wà níbi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ariwo yẹn ni iye àwọn tí wọ́n ń dá padà sí Àǹgólà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fi ń rà á lọ, kí ló mú wá fún wọn?

Òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 2015 lórí ìkónilẹ́rú òde òní sọ pé ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn gbọ́dọ̀ máa kọ̀wé síta lọ́dọọdún nípa ohun tó ń ṣe kí ẹrú má baà sí nínú ọjà rẹ̀. Òfin kan náà gbà á láàyè láti kọ ọ́ pé òun kò ṣe nǹkan kan, a ó sì kà á sí ẹni tó pa òfin mọ́. Lọ́dún 2017, Faransé ṣe tiwọn le jù bẹ́ẹ̀: ilé-iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ ṣètò, kó sì mú un ṣẹ, wọ́n sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ bí kò bá ṣe é. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń dìbò ní Lọ́ńdọ̀nù bi aṣòfin wọn ìgbà tí gbólóhùn tó fàyè gba àìṣe nǹkan kan máa kúrò nínú òfin 2015, kí àwa tí à ń ta kòkó àti èkùrọ́ nílé náà sì bi aṣòfin tiwa ẹni tí wọ́n rán dé oko láti wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.