Láti Àárọ̀ Ọjọ́rú sí Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ní Bouaké

Aago mẹ́fà àárọ̀. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ keje oṣù Kejì, ọdún 2024. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ ní àyíká Ọjà Ńlá Bouaké, ọjà tí iná jó ní 1998. Ìyá Aláṣọ ń to àǹkárá sórí tábìlì. Ọmọ Èjìgbò ni, bí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń tajà ní Côte d'Ivoire.

Aago mẹ́jọ. Ọmọ àbúrò rẹ̀ já èrò kan sílẹ̀ níwájú ìsọ̀. Ọlọ́kadà ni. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Bouaké: lẹ́yìn ogun 2002, nígbà tí ìlú wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ni ọ̀kadà gba iṣẹ́ tàsí. Ó wọ ẹ̀wù Super Eagles. Táyà ẹ̀yìn ti jẹ, ó ń dán.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá."

Táyà náà ni Màmá ń wò.

Aago mọ́kànlá. Ìyá fa agolo wàrà kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ó nù ún. Ó yẹ inú rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin náà padà dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ju nǹkan sínú agolo. Ó dún kàn. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Ìyá fi àkísà dí ẹnu agolo. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Aago márùn-ún. Nàìjíríà àti South Africa bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù AFCON ní Stade de la Paix. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tẹlifíṣọ̀n wà lórí àpótí, koutoukou wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ògógóró àwọn ará ibẹ̀. Ọmọkùnrin náà mu ife kan. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínláàádọ́rin, Troost-Ekong gbá pẹnáritì wọlé. Ó mu ìkejì. Ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún, Mokoena dá a padà. Ó mu ìkẹta, èyí kì í ṣe ti ayọ̀. Nígbà tí Iheanacho gbá pẹnáritì ìkẹyìn wọlé, kò sẹ́ni tó ń ka ife mọ́.

Aago mẹ́jọ alẹ́. Côte d'Ivoire àti Congo Kinshasa wọ pápá ní Abidjan. Haller jẹ góòlù kan, ó tó. Ìlú tú síta. Àwọn tí Nàìjíríà mú inú wọn dùn àti àwọn tí Côte d'Ivoire mú inú wọn dùn ń mu nínú ìgò kan náà.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀. Èrò mẹ́ta fẹ́ lọ sí àdúgbò Koko lórí ọ̀kadà kan. Owó ìlọ́po méjì ni wọ́n máa san. Ọmọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn Ìyá. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìkejì ti bọ́ sí gọ́tà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi."

"Rárá."

"Ojú mi dá. Owó ń lọ yìí o!"

Ó fẹ́ fọwọ́ ti férémù ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ kò bá a, afẹ́fẹ́ ló dì mú. Ìyá wo ọwọ́ náà títí ó fi sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ wá nígbà tí orí rẹ̀ pé. Ẹni tó ti mu ọtí kì í fínnúfíndọ̀ fi í sílẹ̀. Àwọn èrò pòṣé, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìyá tẹ́ ẹní fún un.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ti sùn, ó ti bọ́jú, ó ti mu kọfí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́.

"Màmá, ó ti kúrò lójú mi."

"Aago mẹ́sàn-án la jọ sọ."

Ìyá kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àdéhùn náà bá ara mu. Ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mú ju nǹkan bíi gíráàmù 0.15 ọtí kúrò nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ní wákàtí kan. Oorun kì í yá a, kọfí kì í yá a. Gíráàmù 0.5 ni òfin Nàìjíríà fi ṣe ààlà fún awakọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 1.8 ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ṣì wà ní nǹkan bíi 0.7 ní aago mẹ́fà àárọ̀. Yóò tó aago mẹ́sàn-án kó tó wálẹ̀ dé 0.2.