Ọgbọ́n Ìjìnlẹ̀ Nínú Títú Àdììtú Sùdókù

Sùdókù jẹ́ àdììtú tí a ń tú lórí àtẹ tí ó ní yàrá 81, èyí tí a pín sí ìlà ìbú mẹ́sàn-án, ìlà òòró mẹ́sàn-án àti àpótí mẹ́sàn-án tí yàrá mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án wà nínú wọn. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, òun náà sì ni pé nọ́ńbà 1 títí dé 9 gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan àti nínú àpótí kọ̀ọ̀kan láìsí èyí tí yóò wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó ṣe àdììtú náà yóò ti kọ díẹ̀ nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ìpìlẹ̀, ohun tí ó sì kù fún ẹni tí ń tú u ni láti fi ìrònú wá ipò ìyókù. Àwọn tí wọ́n ń sá fún un nítorí pé wọn kò fẹ́ràn ìṣirò ń sá lásán ni, nítorí kò sí àròpọ̀ tàbí ìyọkúrò kankan nínú rẹ̀. Bí a bá fi lẹ́tà mẹ́sàn-án rọ́pò àwọn nọ́ńbà náà, kò sí ohun tí yóò yí padà.

Howard Garns, ayàwòrán ilé kan ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ni a gbà pé ó ṣe é ní ìrísí tí ó ní lónìí, ilé iṣẹ́ Dell sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979 lábẹ́ orúkọ Number Place. Ilé iṣẹ́ Nikoli ni ó gbé e dé Japan ní 1984, níbi tí Maki Kaji ti fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Wayne Gould, adájọ́ ọmọ New Zealand tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Hong Kong, rí ìwé sùdókù kan ní Tokyo ní 1997, ó fi ọdún bíi mẹ́fà kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣẹ̀dá rẹ̀, ìwé ìròyìn The Times ti London sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kọkànlá 2004.

Àdììtú tí ó pé gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn ẹyọ kan ṣoṣo, èyí sì ni ó sọ títú rẹ̀ di iṣẹ́ ìrònú dípò iṣẹ́ oríire. Ní 2005, Bertram Felgenhauer àti Frazer Jarvis ṣírò rẹ̀ pé ọ̀nà 6,670,903,752,021,072,936,960 ni a lè gbà kún àtẹ tí ó ṣófo. Ní 2012, Gary McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dublin fi kọ̀ǹpútà fi hàn pé nọ́ńbà ìpìlẹ̀ kò lè dín ní 17 kí ìdáhùn ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé bí nọ́ńbà ìpìlẹ̀ bá ṣe kéré tó ni àdììtú yóò ṣe le tó, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní 17 ni ó rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ọgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, nígbà tí AI Escargot, tí Arto Inkala, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Finland, gbé jáde ní 2006, ní 23, síbẹ̀ tí ó ń mú àwọn ògbóǹtarìgì làágùn. Ọgbọ́n tí àdììtú bá béèrè ni a fi ń wọn líle rẹ̀.

Gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ láti orí olùdíje, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí ó ṣì ṣeé ṣe kí wọ́n wọ yàrá kan, tí olùtú máa ń fi pẹ́ńsù kọ wínníwínní sí inú rẹ̀. Bí yàrá méjì lórí ìlà kan bá ní olùdíje 3 àti 8 nìkan, a kò tíì mọ èyí tí yóò gba 3, ṣùgbọ́n ó dájú pé àwọn méjèèjì ni yóò pín nọ́ńbà méjèèjì láàárín ara wọn, nítorí náà a ó pa 3 àti 8 rẹ́ nínú gbogbo yàrá yòókù lórí ìlà náà.

X-Wing gbé ọgbọ́n yìí lọ sórí ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní lórí ìlà ìbú kejì, ìlà òòró kẹta àti ìkeje nìkan ni 5 ti lè wà, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí ìlà ìbú kẹfà. Bí 5 ti ìlà ìbú kejì bá bọ́ sí ìlà òòró kẹta, ti ìlà ìbú kẹfà yóò bọ́ sí ìkeje, bí ó bá sì jẹ́ òdìkejì, bákan náà ni. Ọ̀nà yòówù tí ó gbà, ìlà òòró méjèèjì ti rí 5 tiwọn, a ó sì lé 5 kúrò nínú àwọn yàrá wọn tí ó kù. Nígbà tí ó bá jẹ́ ìlà mẹ́ta, a ń pè é ní Swordfish, èyí tí ojú kì í tètè rí. Nínú XY-Wing, ní tirẹ̀, yàrá mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀: ọ̀kan ní olùdíje 1 àti 2, ó sì wà lórí ìlà kan náà tàbí nínú àpótí kan náà pẹ̀lú èyí tí ó ní 1 àti 3, àti pẹ̀lú èyí tí ó ní 2 àti 3. Ohun yòówù tí yàrá àkọ́kọ́ bá jẹ́, ọ̀kan nínú méjì yòókù yóò di 3, nítorí náà yàrá tí ó bá àwọn méjèèjì tan kò lè jẹ́ 3 mọ́.

Àríyànjiyàn wà lórí èyí tí a ń pè ní Unique Rectangle. Bí yàrá mẹ́rin tí ó wà lórí ìlà ìbú méjì, ìlà òòró méjì àti àpótí méjì bá ní 3 àti 8 nìkan, a lè pààrọ̀ wọn láìrú òfin, ìdáhùn yóò sì di méjì. Níwọ̀n bí èyí kò ti yẹ kí ó ṣẹlẹ̀, ó di dandan kí ọ̀kan nínú wọn gba nọ́ńbà mìíràn. Àwọn kan kọ̀ ọ́ nítorí pé ó gbára lé ìlérí ẹni tí ó ṣe àdììtú dípò àtẹ fúnra rẹ̀. Àtakò wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọgbọ́n náà lè fúnni ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹ̀rí hàn pé òun nìkan ni ìdáhùn tí ó wà.

Èyí tí ó dára jù lójú òǹkọ̀wé yìí ni òrùka Phistomefel, tí a fi orúkọ ìnagijẹ olùṣẹ̀dá àdììtú kan ní Jámánì pè. Ìlà òòró kìíní, ìkejì, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án ní nọ́ńbà 1 sí 9 lọ́nà mẹ́rin. Ìlà ìbú kẹta àti ìkeje pẹ̀lú àpótí òsì àti ọ̀tún tí ó wà ní agbedeméjì àtẹ náà ní wọn lọ́nà mẹ́rin pẹ̀lú. Bí a bá yọ yàrá tí ó wọ ọ̀wọ́ méjèèjì kúrò, ohun tí ó kù ní apá kìíní ni yàrá mẹ́rin mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àtẹ, ohun tí ó kù ní apá kejì sì ni yàrá 16 tí ó yí àpótí àárín ká. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ó wà ní àwọn igun náà ni ó wà nínú òrùka gan-an, nínú gbogbo àtẹ sùdókù tí a lè kún láyé.

Kọ̀ǹpútà kò nílò ọ̀kankan nínú àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí, nítorí ó lè fi nọ́ńbà dán yàrá wò, kí ó padà sẹ́yìn bí ó bá ṣìnà, kí ó sì parí rẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú. Nínú ìdíje àgbáyé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lucca ní Ítálì ní 2006, tí Jana Tylová ọmọ Czech gba ipò kìíní, tí Thomas Snyder ọmọ Amẹ́ríkà sì ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà náà, aago ni ó ń lé àwọn tí ń díje, àwọn mìíràn a sì máa fi àbá gbé e. Àtẹ tí a ti kún nìkan ni àwọn adájọ́ ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Wọn kì í béèrè bí a ṣe rí i.